Kí ló ya akọ̀ròyìn sọ́tọ̀ lára ẹni tó kàn ń gbé ọ̀rọ̀ kiri?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Mo ní ojú ewé kan lórí Facebook àti ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí mo ti ń gbé ìròyìn ìlú wa jáde, àwọn èèyàn sì ń kà á dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rédíò sọ pé mi ò tíì di akọ̀ròyìn, pé ọ̀rọ̀ ni mo kàn ń gbé kiri. Ó dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn gan-an? Ṣé dandan ni kí n lọ kàwé rẹ̀ kí n tó lè ṣe é?"

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ dùn ọ́, àmọ́ má bá a jà. Kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ló ń wá lọ́wọ́ rẹ, kì í sì í ṣe torí pé o kò sí nílé iṣẹ́ rédíò. Wo gbogbo ohun tó o gbé síta lóṣù yìí. Èwo nínú wọn lo lọ wá fúnra rẹ? Èwo lo lè sọ bó o ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wà. Akọ̀ròyìn lẹni tó lọ síbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn, tó yẹ ohun tí wọ́n sọ wò, tó sì lè ṣàlàyé fún olóòtú rẹ̀, tàbí fún adájọ́ bó bá di ẹjọ́, ibi tó ti rí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún tó sì nà án sósì lè yára, ó lè lérò lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tíì ṣiṣẹ́ ìròyìn.

Jẹ́ kí n fi ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nílùú èyíkéyìí ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní iná sọ lọ́jà yín lóru. Kílẹ̀ tó mọ́, fóònù ti kún. Wọ́n ní àwọn àjèjì kan ló dáná sun ún. Wọ́n ní èèyàn mẹ́fà ló kú. Wọ́n ní àwọn panápaná kò wá rárá. Fídíò kan tún wà pẹ̀lú, iná ń jó lala nínú rẹ̀, igbe ń sọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọjà yín ni tàbí ti ìlú mìíràn lọ́dún tó kọjá. Bó o bá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síta bí wọ́n ṣe dé, èrò á ya bò ọ́ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àmọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní àjèjì yẹn ní ìsọ̀, wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ nínú ìlú kan náà. Ọ̀rọ̀ tó o tẹ̀ lórí ibùsùn lè kó àwọn èèyàn tó ń bínú lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn kí oòrùn tó là.

Akọ̀ròyìn á dìde, á lọ sọ́jà. Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kó fi ojú ara rẹ̀ ka ìsọ̀ tó jó. Kò ní béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kà á, torí ẹni tó ń sunkún ọjà rẹ̀ kò ráyè kà á, àwọn aṣáájú ọjà sì lè fi díẹ̀ kún un kí ìjọba lè tètè dá wọn lóhùn. Á wo ibi tí iná ti jó jù, ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, bóyá ọ̀nà fẹ̀ tó kí ọkọ̀ panápaná gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ló máa wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Gbọ́ bí ó ṣe máa ń lọ láàárín akọ̀ròyìn àti ọlọ́dẹ ọjà:

"Bàbá, ẹ kú ìdààmú. Ẹ̀yin lẹ ṣọ́ ọjà mọ́jú?"
"Èmi ni."
"Kí lẹ rí?"
"Àwọn ọmọ kan ló sọ iná sí i."
"Ẹ rí wọn?"
"Háà, rárá o. Àwọn èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi, èéfín ni mo kọ́kọ́ rí, lápá ibi tí wọ́n ti ń ta ike."
"Aago mélòó nìyẹn, sà?"
"Mi ò wo aago. A ti kírun Ìṣáì tán, ó ti pẹ́ díẹ̀. Iná mọ̀nàmọ́ná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ká ní akọ̀ròyìn yẹn dúró sórí ìdáhùn kejì, ohun tí ìlú máa kà ni pé ọlọ́dẹ rí àwọn tó dáná sun ọjà. Ìbéèrè kékeré kan, "Ẹ rí wọn?", ló yọ ẹni ẹlẹ́ni kúrò nínú ọ̀ràn. Bàbá náà kò purọ́ o. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀: ohun tá a rí àti ohun tá a gbọ́ máa ń dà pọ̀ lẹ́nu wa, pàápàá nígbà tí àyà bá ń já wa. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìwé rẹ, kọ ohun tí bàbá fojú rí sí apá kan, kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sí apá kejì, má sì jẹ́ kí méjèèjì pàdé.

Ó kù. Ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn kì í ṣe ìdáhùn, ìbéèrè ni, kí o gbé e lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná. Ti èèyàn mẹ́fà tí wọ́n ló kú, ilé ìwòsàn ìjọba àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí ni wọ́n ti máa ń mọ̀, kì í ṣe abẹ́ igi níwájú ọjà. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan kú, ta ni? Ọmọ ta ni? Òkú tí kò lórúkọ, tí kò lébi tó ń wá a, tí kò sí nílé ìwòsàn kankan, má kà á mọ́ òkú. Àwọn panápaná náà ní ìwé tí wọ́n ń kọ aago tí ìpè wọlé àti aago tí ọkọ̀ gbéra sí. Ní kí wọ́n fi hàn ọ́. Bóyá lóòótọ́ ni wọn kò tètè dé, bóyá kò sí omi nínú ọkọ̀, bóyá kò sẹ́ni tó pè wọ́n títí ọjà fi jó tán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra, ẹni tó sì yẹ kó dáhùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Kó o tó kọ ohunkóhun tó kan ẹnìkan, gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Tó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, kọ ọ́ pé o pè é, pé kò gbé e, tàbí pé ó ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ. Fún un láyè tó tó láti dáhùn. Kéèyàn pe ẹnìkan ní aago mẹ́wàá alẹ́ kó sì gbé ìròyìn jáde ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyẹn kì í ṣe ìwádìí.

Bó o bá wá fẹ́ kọ ọ́, kọ ọ́ gbọnrangandan: "Iná jó ìsọ̀ 14 ní ọjà wa lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ilé ìwòsàn ìjọba ní kò sí òkú tàbí ẹni tó fara pa tí wọ́n gbé wá. Ọlọ́dẹ ọjà sọ fún wa pé èéfín lòun kọ́kọ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ta ike, nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná dé. A ò tíì mọ ohun tó fà á." Má tijú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Lójú tèmi, òun ló níyì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó lórí afẹ́fẹ́. Iye owó tí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan bá ní òun pàdánù, kọ ọ́ sí i lẹ́nu: "ó ní ọjà òun tó jó tó mílíọ̀nù méjì náírà." Ìwọ kọ́ lo ṣírò rẹ̀, má jẹ́ kó dà bíi pé ìwọ lo ṣe é.

Mo pẹ́ lórí iná yìí torí ohun tí mo fẹ́ kó o mú lọ nìyẹn. Gbogbo ìyókù, kámẹ́rà, ohùn dídùn, èdè tó já gaara, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n.

O lè máa rò pé iṣẹ́ Òyìnbó ni mo ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lédè wa. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ọ̀rọ̀ ìjọ, ọ̀rọ̀ òwò, ẹni tó dé àti ẹni tó lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú sí ìlú, wọ́n ń bẹ nínú rẹ̀, títí di ọdún 1867 tí wàhálà lé àwọn Òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá gbilẹ̀ l'Ékòó: Èkó Àkéte, Elétí Ọfẹ, Akéde Èkó. Ní ọdún 1996 ni Aláròyé fìdí múlẹ̀, èdè Yorùbá nìkan ló sì fi ń ròyìn. BBC Yorùbá dé ní ọdún 2018. Ìwọ tó o ń fi èdè wa kọ̀ròyìn ìlú rẹ, ilé tí wọ́n ti kọ́ lo wọ̀, má rò pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ní ti ipa akọ̀ròyìn láàárín ìlú, ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999, abala 22, sọ pé kí ilé iṣẹ́ ìròyìn máa mú kí ìjọba jíhìn fún aráàlú. Ó rọrùn láti rò pé Abuja nìkan lọ̀rọ̀ yẹn kàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ Abuja pọ̀. Ta ló ń ṣọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín? Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sápò ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó yẹ ká máa bi ní ìbéèrè nípa kànga tí kò lómi àti ilé ìwòsàn tí kò ní nọ́ọ̀sì ti sún mọ́lé. Síbẹ̀, tan rédíò láàárọ̀: wọ́n ń ka àkọlé ìwé ìròyìn tí ẹlòmíì kọ, wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀, àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé láti bínú sí i. Mo fẹ́ràn ètò bẹ́ẹ̀, ó ń la ojú ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò lè ra ìwé ìròyìn. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìròyìn ti wá pọ̀ ju àwọn tó ń lọ wá a lọ. Ìlú ńlá wà tí kò ní akọ̀ròyìn kan ṣoṣo tó ń jókòó sílé ẹjọ́ wọn tàbí sí ibi tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ti ń ṣèpàdé. Àyè ńlá nìyẹn fún ẹni bíi tìrẹ.

Bó o bá máa lọ sílé ẹjọ́ tàbí àgọ́ ọlọ́pàá, mọ èyí dáadáa. Ẹni tí alukoro ọlọ́pàá kó síwájú kámẹ́rà, afurasí ni. Abala 36 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé aláìṣẹ̀ ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Nítorí náà, má kọ "olè tí wọ́n mú", kọ ohun tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn án àti ẹni tó fẹ̀sùn kàn án. Kí o sì padà lọ. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé inú máa ń bí mi sí i: ọjọ́ tí wọ́n mú èèyàn, kámẹ́rà kún ibẹ̀, ọjọ́ tí adájọ́ dá a sílẹ̀, kò sẹ́nìkan. Orúkọ tó o bà jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ìwọ ló yẹ kó o fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn, lójú ewé kan náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé tún le jù bẹ́ẹ̀. Àwọn oníròyìn ilẹ̀ yìí fẹnu kò ní Ìlọrin lọ́dún 1998 lórí ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún iṣẹ́ wọn. Ó wà nínú rẹ̀ pé akọ̀ròyìn kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, kò gbọ́dọ̀ fi àwòrán rẹ̀ hàn, kò sì gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìfipábánilòpọ̀, ìwà ọ̀daràn, ètùtù tàbí àjẹ́. Ìbáà jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣe é sí, ìbáà jẹ́ pé ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìbáà jẹ́ pé òun ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ṣé o rí àwọn fídíò ọmọ kékeré tí wọ́n ní "jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni ọ́"? Má gbé e síta láé, kódà kó o ní ìwọ ń gbèjà ọmọ náà.

Ìlànà yẹn náà ló sọ pé ẹni tó bá bá ọ sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, o kò gbọ́dọ̀ tú u fó. Àwọn kan ti jìyà lórí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1984, nígbà ìjọba ológun, wọ́n ṣe òfin kan, Òfin Kẹrin, tó lè sọ akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n bó bá kọ ohun tó dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian kọ̀ròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣojú wa nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jù wọ́n sí, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹwàá, ọdún 1986, bọ́ǹbù inú àpòòwé pa Dele Giwa, olóòtú ìwé ìròyìn Newswatch, nílé rẹ̀ l'Íkẹjà. Títí dòní, ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá sọ̀rọ̀ fún ọ lábẹ́lẹ̀, iṣẹ́ àti ẹ̀mí rẹ̀ ló fi lé ọ lọ́wọ́. Bó o bá mọ̀ pé o kò ní lè pa á mọ́, sọ fún un kó tó lanu.

Ní tìrẹ, òfin tó yẹ kó o ṣọ́ra fún jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015, pàápàá abala 24. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2024, àmọ́ ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta, owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù méje náírà, tàbí méjèèjì, ṣì wà fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ tó lè da ìlú rú síta. Wọ́n ti fi òfin yìí mú àwọn oníròyìn tí kò purọ́ rárá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o tọ́jú ìwé tó o kọ ọ̀rọ̀ sí, ohùn tó o gbà, àti ọjọ́ tó o pe ẹni kọ̀ọ̀kan.

Owó ńkọ́? Wọ́n á pè ọ́ síbi àpèjẹ ìfilọ́lẹ̀ kan. Nígbà tó bá parí, ẹnìkan á fi àpòòwé lé ọ lọ́wọ́, á ní owó ọkọ̀ ni. Ẹ̀gúnjẹ ni. Mo mọ bí ebi ṣe ń pa akọ̀ròyìn. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí jẹ wá lówó oṣù títí ọ̀pọ̀ wa fi fi ibẹ̀ sílẹ̀. Mi ò lè fi ẹnu lásán bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò jẹun wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àpòòwé lọ́wọ́ alága lónìí kò ní lè bi í léèrè kànga lọ́la, alága náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fún un. Nítorí náà, bó o bá ní iṣẹ́ ọwọ́, òfì híhun tàbí òmíràn, má jù ú nù. Òun ni yóò jẹ́ kó o lè dá àpòòwé padà.

Ṣé dandan ni ilé ẹ̀kọ́? Ó dára, ó máa ń dín ìṣìnà kù: wọ́n á kọ́ ọ ní òfin ìbanilórúkọjẹ́, ìkọ̀ròyìn, àti ìwà tó yẹ. Nigerian Institute of Journalism wà ní Ògbà l'Ékòó, The Polytechnic Ibadan kò sì jìnnà sí ọ. Àmọ́ Dele Giwa tí mo dárúkọ yẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní Brooklyn College l'Ámẹ́ríkà. Bí owó bá wà, lọ. Bí kò bá sí, bẹ̀rẹ̀ níbi tó o wà, kó o bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn kó máa ka iṣẹ́ rẹ kó tó jáde, kó sì máa bi ọ́ lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ohun tí màá ní kó o ṣe lọ́sẹ̀ yìí rèé. Mú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní àdúgbò rẹ. Lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ka òṣìṣẹ́ tó o bá, wo bóyá omi ń ṣe, béèrè lọ́wọ́ àwọn aláboyún bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, kí o béèrè iye tí wọ́n ná sórí ilé ìwòsàn náà lọ́dún tó kọjá. Òfin yẹn kò ní kó o sọ ìdí tó o fi ń béèrè, kò sì ní kó o jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìròyìn kankan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan. Tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sórí ẹ̀dà tìrẹ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Bó bá pé tí wọn kò sọ nǹkan kan, ìròyìn nìyẹn náà: kọ ohun tó o rí nílé ìwòsàn, kọ ohun tó o béèrè, kí o sì kọ ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ yẹn sínú rẹ̀.